Èèpo ọsàn tí a ń dànù: ohun tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, àti ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́

Bí àwọn ọlọ́sàn ẹ̀bá títì ṣe ń bó ọsàn kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ọ̀bẹ wọn kì í wọnú. Awọ òde nìkan ni wọ́n ń họ, tín-ín-rín, yíká yíká, títí ara ọsàn yóò fi funfun. Oníbàárà á gé orí rẹ̀, á fa omi rẹ̀ mu tán, á sì sọ ìyókù nù. Oríṣi ìdọ̀tí méjì ló ti ara ọsàn kan jáde báyìí, ohun tó sì pọ̀ nínú ọ̀kan kò pọ̀ nínú èkejì. Awọ òde ló ni òróró tó ń ta sánsán, tó máa ń ta síni lójú bí a bá fún un. Funfun abẹ́ rẹ̀ àti awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín awẹ́ sọ́tọ̀ ni hesperidin fi ṣe ilé. Hesperidin yìí ló pọ̀ jù nínú ẹbí àwọn antioxidant (ohun tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ba nǹkan jẹ́) tí wọ́n ń pè ní flavonoid nínú ọsàn mímu, òun sì ni àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ń rà. Ẹni tó bá kó èèpo tín-ín-rín ọlọ́sàn kún àpò, tó ní hesperidin lòun fẹ́ yọ, ti fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ nínú gọ́tà.

Ọ̀rọ̀ èèpo èso ń gbóná lẹ́nu àwọn olùwádìí àti oníṣòwò báyìí. Fídíò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ pé góòlù ni a ń dà sórí àkìtàn. Irọ́ kọ́ ni pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sábà sọ iye omi tó wà nínú góòlù náà.

Kí ni antioxidant? Òróró ẹ̀pà tó pẹ́ nínú ìgò, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tí ìtọ́wò rẹ̀ yí padà, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìjàǹbá náà máa ń ran ara rẹ̀: ẹyọ kan tó bàjẹ́ á ba èkejì jẹ́, èkejì á ba ẹ̀kẹta jẹ́. Antioxidant ni ohunkóhun tó lè gba ìjàǹbá náà sára, kí ó má lè tàn síwájú mọ́. Àwọn tó ń ṣe òróró, bisikíìtì àti indomie ti ń lo àwọn tí wọ́n pò nínú ilé iṣẹ́, bíi BHA, BHT àti TBHQ. Òfin oúnjẹ àgbáyé Codex kò jẹ́ kí BHA tàbí TBHQ ju 200 mílígírámù lọ nínú kílò ọ̀rá kan. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kò fẹ́ rí orúkọ wọ̀nyẹn lára páálí mọ́, ibẹ̀ ni ọjà ti ṣí sílẹ̀ fún èyí tó ti ara ewéko wá. Èyí tó ti rí ọ̀nà gbà ni omi ewé rosemary, ewé olóòórùn dídùn kan, tí wọ́n fọwọ́ sí nílẹ̀ Yúróòpù ní 2010 pẹ̀lú nọ́ńbà E392. Èèpo èso ń wá ipò bẹ́ẹ̀.

Hesperidin fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Lebreton, ará Faransé, ló yọ ọ́ jáde láti inú funfun èèpo ọsàn ní 1828. Ní 1936, Albert Szent-Györgyi, ará Họ́ngárì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti Rusznyák kéde pé ohun kan wà nínú lẹ́mọ́ọ̀nù àti ata pupa tó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kí ó má jò. Wọ́n pè é ní fítámì P. Wọ́n gba orúkọ fítámì náà padà nígbà tó yá, nítorí a kò rí àìsàn kankan tí àìní rẹ̀ ń fà. Síbẹ̀ oògùn ti ara rẹ̀ jáde. Daflon 500, tí wọ́n ń kọ fún oníjẹ̀díjẹ̀dí àti fún ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, 450 mílígírámù diosmin àti 50 mílígírámù hesperidin ló wà nínú rẹ̀. Hesperidin náà ni wọ́n sì fi ń ṣe diosmin. Ìdí nìyí tí ọjà hesperidin fi jẹ́ ọjà gidi, tí kì í ṣe ọjà àhesọ.

Ó dára, báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́? Ọ̀nà méjì ló wà tí ẹni tí kò ní owó ẹ̀rọ ńlá lè gbà. Èyí tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn ènìyàn wa kọ́kọ́ mọ̀ ni ọ̀nà láìmù (ìyẹ̀fun funfun kan ni, kì í ṣe èso), nítorí kò béèrè pé kí a sá èèpo rárá.

Hesperidin kì í fẹ́ yòrò nínú omi lásán. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá ní agbára bíi ti eérú, á yòrò wọ́ọ́rọ́wọ́; bí a bá wá mú omi náà kan padà, á tún já sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Mú 10 kílò èèpo tútù, kí ó jẹ́ ti ọjọ́ yẹn gan-an. Gé e wẹ́wẹ́, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Dà á sínú dúrọ́ọ̀mù rọ́bà, bu omi lítà 20 sí 30 lé e. Po láìmù, ìyẹn calcium hydroxide, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń lò níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀rọ mọ́, pẹ̀lú omi díẹ̀, kí o sì máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń rò ó. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìwọ̀n ìyẹ̀fun, nítorí ọsàn ju ọsàn lọ ní kíkan. Bébà pH, èyí tó ń sọ bí omi ṣe kan tó tàbí bó ṣe lágbára bí omi eérú tó, ni kí o máa wò. Dúró nígbà tó bá wà láàárín 11 àti 11.5. Máa rò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, láìfi iná sí i. Omi náà á ní àwọ̀ ìyeyè. Fi aṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ, kí o fún èèpo náà gbẹ dáadáa, kí o sì tún omi náà sẹ́ títí á fi mọ́. Lẹ́yìn èyí, fi hydrochloric acid tí a ti bomi là sí i díẹ̀díẹ̀ títí pH yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 4.5. Àwọ̀ ìyeyè náà á ṣí. Gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi orí rẹ̀ á tòrò, ohun tó dà bí ẹ̀lúbọ́ tó mọ́ á sì wà nísàlẹ̀. Da omi orí rẹ̀ nù, fi omi tútù fọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì fi ooru 60°C gbẹ ẹ́.

Ẹni tó bá béèrè ìdí tó fi jẹ́ láìmù, tí kì í ṣe sódà tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò, ìbéèrè gidi ló béèrè. Pectin, ohun tó ń mú kí jáàmù dì, pọ̀ nínú funfun èèpo ọsàn. Sódà á tú pectin náà sínú omi, omi náà á sì máa yọ̀ bí ilá tí a rẹ. Kò sí aṣọ tí yóò sẹ́ ẹ. Calcium inú láìmù a máa so mọ́ pectin, á mú kí ó le, á sì jókòó sínú èèpo tí a ń fún. Omi tó mọ́ nìkan ló ń jáde.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ pọ̀. Bí pH bá kọjá 12, tàbí tí ẹni tó ń ṣe é bá sùn lọ tí èèpo ṣì wà nínú láìmù, hesperidin náà á fọ́ sí wẹ́wẹ́, omi á dúdú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò sì ní tó nǹkan lọ́jọ́ kejì. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dín owó kù, tó lo omi bátìrì ọkọ̀ dípò hydrochloric acid, ohun funfun tó pọ̀ á jókòó sísàlẹ̀, inú á sì dùn. Ṣùgbọ́n sulphuric acid ni omi bátìrì, bó bá sì ti pàdé calcium, gypsum, ohun funfun bí ẹfun, ni wọ́n ń dì. Gypsum náà ló ń kó jọ, òjé inú bátìrì àlòkù sì wà nínú rẹ̀, tí kò dára fún ẹnu. Ìkòkò aluminiọ́mù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ yìí. Láìmù á jẹ ẹ́, á máa hó. Láìmù kan náà lè fọ́ ojú, nítorí náà gíláàsì ojú àti ìbọ̀wọ́ kì í ṣe fáàrí.

Èyí tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù ni èèpo tó ti pẹ́. Àwọn olú tó ń mú kí ọsàn bu, tí ara rẹ̀ ń di àwọ̀ ewé tàbí búlúù, ẹbí wọn ní ẹ́ńsáìmù tó ń gé ṣúgà ara hesperidin kúrò. Èèpo ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò lórí ooru, olú ti kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀. Èyí náà ni kò jẹ́ kí ìyókù tí a fa omi rẹ̀ mu wúlò fún ohun jíjẹ, àní ká má tíì sọ ti itọ́ àti gọ́tà. Ibi tó dára láti kó èèpo ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún omi ọsàn tà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí wọ́n ń gé ọsàn sí méjì, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, gbogbo èèpo, funfun rẹ̀ àti awọ awẹ́ rẹ̀ a sì wà papọ̀, ní mímọ́. Púpọ̀ nínú omi ọsàn inú páálí tí a ń mu ní Nàìjíríà ni wọ́n fi ògidì tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun ṣe, ìyẹn ni kò fi sí òkìtì èèpo ńlá lójú kan bíi ti São Paulo ní Brazil. Tiwa fọ́n káàkiri. Owó ọkọ̀ tó máa kó o jọ wà lára iye owó hesperidin, bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú ìṣirò àwọn oní-fídíò.

Ọ̀nà kejì ni ti ọtí, ìyẹn ethanol. Òun ni wọ́n ń lò fún èèpo máńgòrò, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti fún awọ òde ọsàn. Èèpo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ. Kí a tó máa gbẹ ẹ́, tẹ̀ ẹ́ sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta: ẹ́ńsáìmù irú èyí tó ń sọ iṣu tí a bó di dúdú wà nínú èèpo máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò sì jẹ antioxidant náà bí a kò bá fi ooru pa á. Lẹ́yìn náà, gbẹ ẹ́ ní 50 sí 60°C títí yóò fi máa dún kàkà bí a bá ṣẹ́ ẹ. Lọ̀ ọ́, fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí ó kúnná ju mílímítà kan lọ.

Ethanol tó dá ṣáká kọ́ ló dára jù. Èyí tó jẹ́ ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni, nítorí omi inú rẹ̀ ló ń mú kí ara èèpo wú tí ọtí yóò fi rí ọ̀nà wọlé. Láti ní lítà 10 ti ìdá 70, wọn lítà 7.3 ethanol ìdá 96, kí o sì fi omi kún un dé lítà 10. Kílò èèpo lílọ̀ kan gba lítà 10. Ooru 50 sí 55°C, wákàtí kan, kí a máa rò ó. Sẹ́ ẹ, fi lítà 5 tuntun tún un ṣe, kí o da omi méjèèjì pọ̀. Inú omi gbígbóná tí iná mànàmáná ń gbóná ni kí ìkòkò rẹ̀ wà. Ọtí ìdá 70 ń gbé èéfín tó lè gbiná jáde ní nǹkan bí 17°C, ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà ni ilé wa gbóná tó. Sítóòfù kẹrosíìnì àti gáàsì gbọ́dọ̀ jìnnà síbẹ̀.

Ògógóró ńkọ́? Ethanol lóòótọ́ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun mìíràn tó wà níbẹ̀? Àwọn tó kú ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015, methanol, ọtí olóró kan tó wà nínú ohun tí wọ́n mu, ló pa wọ́n. Ẹni tó bá ń yọ ohun tí ènìyàn máa gbé mì, kí ó ra ethanol tó ní ìwé ẹ̀rí ohun jíjẹ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí sọ pé methanol yọ jù. Ti inú yàrá àyẹ̀wò nìyẹn, kì í ṣe ti ọjà.

Ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ fa ọtí náà kúrò, kì í ṣe antioxidant ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣúgà ni. Òṣùwọ̀n á wúwo, oníṣòwò á yọ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà tó mọ iṣẹ́ á yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣúgà yìí náà ni kì í jẹ́ kí ó gbẹ. Á máa lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọn di ìyẹ̀fun, àyàfi tí a bá po maltodextrin, ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi sítáàṣì ṣe, mọ́ ọn. Láti yọ ṣúgà kúrò, wọ́n ń da omi èèpo náà gba inú òpó tí wọ́n kó resin, àwọn ẹyọ kéékèèké bíi rọ́bà, sí: resin á di antioxidant mú, ṣúgà á bá omi lọ, ọtí á sì tú èyí tó dì mú sílẹ̀. Ọsàn ilẹ̀ wa sì tún ní tirẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n lára nítorí òru wa kì í tutù tó, nítorí náà àwọ̀ ewé á bá ọtí jáde, ìyẹ̀fun náà á ní àwọ̀ tí kò wu alábisikíìtì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò gbígbẹ nìkan. Nínú 100 kílò èèpo tútù, nǹkan bí 80 jẹ́ omi. Bí a bá gbẹ ẹ́ dáadáa, á ku bíi kílò 22, kílò 78 sì ti di ooru lọ. Ẹ̀rọ gbígbẹ lásán ń ná nǹkan bí mẹ́gájúùlù 5 lórí kílò omi kan, àròpọ̀ rẹ̀ 390. Kílò gáàsì ìdáná kan ní nǹkan bí 46. Ó di kílò gáàsì 8.5, ìyẹn ju ìdajì sìlíńdà 12.5 tó wà nílé ìdáná wa lọ, kí a tó rí ohunkóhun yọ. Kílò 22 náà tún fẹ́ lítà 220 ọtí ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ gba ìdá 95 padà nínú ọgọ́rùn-ún, lítà 11 ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí hesperidin bá sì jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èèpo gbígbẹ, tí ọwọ́ sì tẹ gbogbo rẹ̀, gírámù 440 ni. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi láìmù. Oòrùn ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò ọyẹ́, òótọ́ ni, awọ tín-ín-rín ọlọ́sàn sì ń yára gbẹ. Ṣùgbọ́n èèpo tí a sá sí ẹ̀bá títì, eruku àti èéfín ọkọ̀ ló ń bá a gbẹ, lásìkò òjò ó sì máa ń bu.

Ní ti awọ òde ọsàn, òróró ni kí a kọ́kọ́ fi ooru omi fà jáde, kí a tó ronú antioxidant. Limonene ju ìdá 90 lọ nínú òróró náà. Bó bá ṣẹ́ kù nínú èèpo, á mú kí ohun tí a yọ korò, á sì máa ta lẹ́nu. Ẹni tó bá sì da èèpo tó ṣì ní òróró sínú kànga tí wọ́n fi ń ṣe gáàsì láti ara ìdọ̀tí, á rí i pé gáàsì dáwọ́ dúró, nítorí limonene ń pa àwọn kòkòrò tó ń ṣe é. Inú ìgò dúdú tó kún dé ẹnu ni kí òróró náà wà; bí afẹ́fẹ́ bá bà á, á di ohun tó ń mú ara yún.

Báwo la ṣe mọ̀ pé antioxidant wà nínú ohun tí a yọ? Àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ ni Folin-Ciocalteu, tí wọ́n ń ka àwọ̀ búlúù rẹ̀ ní nánómítà 765, àti DPPH, omi aláwọ̀ àlùkò tó ń di àwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ń kà ní 517. Folin a máa ka fítámì C àti àwọn ṣúgà kan mọ́ ọn, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ máa ń ga ju òótọ́ lọ. DPPH ní tirẹ̀ kì í fún hesperidin ní máàkì tó pọ̀, bí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe rí ni kò jẹ́ kó yára fèsì. Èèpo máńgòrò, tó ní antioxidant tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mangiferin, á gba máàkì jù ú lọ. Ìyẹn ò sọ pé máńgòrò ló lówó lórí jù. Oníbàárà gidi kì í béèrè DPPH. Ìwé HPLC, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ láti wọ̀n ọ́n, ló ń béèrè, tó sọ iye hesperidin nínú ọgọ́rùn-ún, àti ìwé tó sọ iye òjé àti arsenic. Èyí tí a fi láìmù yọ nílé kò tíì mọ́ tó; ó gbọ́dọ̀ tún yòrò, kí ó tún já sílẹ̀, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, kó tó dé ìdá 90 tí wọ́n ń fẹ́.

Ní ti ìlera, ọ̀rọ̀ ń pọ̀ ju ẹ̀rí lọ. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, USDA, yọ àtẹ máàkì antioxidant oúnjẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní ORAC, kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2012, nítorí àwọn oníṣòwò ń fi polówó ọjà, bẹ́ẹ̀ kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn. Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá, nínú ìwádìí tí wọ́n kó 29,133 ènìyàn sí, ní beta-carotene 20 mílígírámù lójoojúmọ́. Èsì tó jáde ní 1994 fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó. Antioxidant ni beta-carotene náà. Nítorí náà, ìyẹ̀fun èèpo nínú ike tí wọ́n kọ "ń wo gbogbo àìsàn" sí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe é.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi felodipine, tàbí simvastatin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ sún mọ́ èèpo gíréèpù (grapefruit, ọsàn ńlá tó korò, kì í ṣe èso àjàrà) rárá. Ó ní èròjà tó ń dí ìfun lọ́wọ́ láti fọ́ oògùn náà, oògùn á wá pọ̀ jù lára. Èèpo máńgòrò náà ní ohun tó ń mú kí ara àwọn kan sú, kí ó sì wú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kábáìdì. Àwọn kan ń fi calcium carbide pọ́n máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kíákíá, NAFDAC sì ti ń kìlọ̀ lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí arsenic àti phosphorus tó máa ń wà nínú rẹ̀. Ara èèpo ni ìyẹ̀fun rẹ̀ ń bà sí. Ẹni tó ń jẹ máńgòrò á bó èèpo dànù. Ẹni tó ń yọ antioxidant, èèpo gan-an ló ń kó sínú ìkòkò, tó sì ń sọ di ògidì. Bí a kò bá mọ oko tí èso ti wá àti ọ̀nà tí wọ́n gbà pọ́n ọn, kí a má ṣe fi èèpo rẹ̀ ṣe ohun jíjẹ.

Púpọ̀ nínú hesperidin ọjà àgbáyé ń wá láti China, níbi tí wọ́n ti ń lo àwọn ọsàn wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó rẹ̀ dànù kí wọ́n tó gbó, nítorí hesperidin pọ̀ nínú ọmọ ọsàn ju àgbà lọ. Oko ọsàn Benue kún fún irú rẹ̀ lábẹ́ igi. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹ̀bá títì Ìbàdàn. Èèpo tó bá sì kù nínú aṣọ lẹ́yìn láìmù kò ṣòfò: ní Florida àti São Paulo, èèpo tí wọ́n po láìmù mọ́ náà ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n ń gbẹ, tí wọ́n sì ń tà fún àwọn onímàlúù. Ní ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kí ẹni tó fẹ́ rà á múra, nítorí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣáájú rẹ̀, eérú ni wọ́n sì ń fẹ́, wọn kò bìkítà bó bu.